Iye Tibí, Iye Tọ̀hún

Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí Ìyá Ẹlẹ́rọ ti ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà láàrin ilé télọ̀ àti ilé oògùn. Tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, fáànù, áyọ́ọ̀nù, títí dórí ṣájà fóònù, kò sí èyí tí kò tà. Kì í pariwo, kì í sì í bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀. Tó bá ti dá iye lé ọjà, ó parí náà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Tíṣà wọlé. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìdajì àwọn tó ń gbé àdúgbò ló sì ti kọ́ ní ìṣirò rí. Ó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri, ó yọ fóònù rẹ̀.

"Màmá, eélòó lẹ pe eléyìí?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ni, sà."

"Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló fi àwòrán yìí ránṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n yìí kan náà ni, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ ò yàtọ̀. Mo ṣírò owó wọn sí tiwa, kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún lọ. Ibo ni ìyókù wọlé sí?"

"Ọkọ̀ ojú omi gbà nínú ẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù náà gbà, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yin oníṣòwò ń wí. Ẹ má bínú o, ẹ ń rẹ́ wa jẹ ni."

Obìnrin kan tó ti ń ka owó kẹ́tùlù tó fẹ́ rà dá owó rẹ̀ padà sínú pọ́ọ̀sì. Ó ní òun máa padà wá. Ìyá Ẹlẹ́rọ sì mọ̀ pé "màá padà wá" oníbàárà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ọ̀nà àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Kì í ṣe torí pé wọ́n pè é ní arẹ́nijẹ, àmọ́ torí pé òun náà ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó mọ iye tó ń ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún, kò fojú ara rẹ̀ rí i rí. Ọmọ ẹlòmíì ti wá ti òkè òkun fi fóònù dá iye lé ọjà òun.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lókè òkun bímọ, Ìyá Ẹlẹ́rọ sì wọkọ̀ òfuurufú lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ìwé kékeré kan wà nínú báàgì rẹ̀. Ó ti kọ ọjà mẹ́rìnlá sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye tí òun ń tà wọ́n. Nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ ti mókun, ó ní kó mú òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ tó tóbi jù nítòsí.

Ilé náà gbòòrò bíi pápá. Ìyá Ẹlẹ́rọ dúró síwájú ọjà kọ̀ọ̀kan, ó ń wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ fi ìwé yẹn pamọ́. Ẹ ò rí i pé wọ́n ń wò wá?"

"Ojú ni wọ́n fi ń wò mí, wọn ò fọwọ́ kàn mí."

Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ wá bá wọn, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá. Ìyá Ẹlẹ́rọ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Sọ fún un pé iṣẹ́ kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ ń ṣe." Nígbà tí obìnrin náà gbọ́, ojú rẹ̀ túká. Ó mú wọn káàkiri, ó ń fi àwọn ọjà tí iye wọn máa tó já wálẹ̀ hàn wọ́n, ó sì ń ráhùn nípa àwọn oníbàárà tó ń wá fọwọ́ pa ọjà lára, tí wọ́n á sì lọ rà á lórí fóònù. Ìyá Ẹlẹ́rọ ń mi orí. Kò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn.

Ó mú áyọ́ọ̀nù kan láti rà. Níbi tí wọ́n ti ń sanwó, iye tí wọ́n pè ju èyí tó wà lára rẹ̀ lọ.

"Owó orí ọjà ni, Mọ́mì," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Wọn kì í kọ ọ́ mọ́ iye níbí. Ìgbà téèyàn bá ń sanwó ni wọ́n ń fi kún un."

"Iye tí Bàbá Tíṣà rí lórí fóònù ńkọ́? Ẹni tó wà níbí gan-an ò lè fi rà á?"

"Kò lè fi iye yẹn rà á."

Ìyá Ẹlẹ́rọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó ṣí ìwé rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù àti fáànù tọ̀hún wọ́n ju tirẹ̀ lọ. Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tẹlifíṣọ̀n tọ̀hún dínwó lóòótọ́, pẹ̀lú owó orí ọjà, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó dé orí íápíìsì tí wọ́n ń kì bọ etí ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìlọ́po mẹ́ta iye tọ̀hún ni òun ń tà á. Íápíìsì tí kò wúwo ju ìyẹ́ ẹyẹ lọ, kò sí ọkọ̀ ojú omi tó lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ yọjú wo ìwé náà. "Ta ló máa mọ̀, Mọ́mì?"

"Èmi ti mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó padà sílé, ó ní kí ẹni tó ń kọ pátákó kọ pátákó funfun ńlá kan fún òun. Ó to ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá síbẹ̀: iye tọ̀hún pẹ̀lú owó orí ọjà, owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, èrè òun, iye tibí. Ó gé iye íápíìsì sí ìdajì. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde wá, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó kà á.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, ta ló ń fi èrè ẹ̀ han oníbàárà?"

"Ẹni tí èrè ẹ̀ ò tì í lójú ni."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn kàn ń wá kà á bí ẹni ń wá orúkọ nínú èsì ìdánwò ni. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Bàbá Tíṣà náà dé. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé tẹlifíṣọ̀n tọ̀hún ṣì fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin dín sí tiyín."

"Òótọ́ ni, sà. Tí ọmọ yín bá ń bọ̀, tó sì lè gbé e, kó máa gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ra tèmi, màá ṣí páálí ẹ̀ níṣojú yín, màá tàn án. Tí ohunkóhun bá ṣe é kí ọdún kan tó pé, ilẹ̀kùn mi lẹ máa kàn."

Bàbá fa fóònù yọ, ó pe ọmọ rẹ̀ níwájú pátákó náà. Ó bi í pé eélòó ni ọkọ̀ òfuurufú máa gbà lórí ẹrù tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wá iye ẹ̀ wò, ó ní, "Bàbá, ẹ kúkú rà á níbẹ̀."

Bàbá Tíṣà ti fóònù bọ àpò. "Ìlà kẹsàn-án, ìṣirò ẹ̀ ò tọ̀nà. Ẹgbẹ̀rún méjì lẹ gbàgbé, ara yín lẹ sì rẹ́ jẹ níbẹ̀."

Ìyá Ẹlẹ́rọ wò ó, ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lọ́jọ́sí, níwájú àwọn èèyàn, kò yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ó ti tán, sà. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, mi ò bá tí lọ wò ó lọ́hùn-ún."

Ó gbé àga fún bàbá, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páálí tẹlifíṣọ̀n náà.