Ṣọ́ọ̀kù Kẹta fún Jíìpù Tíṣà

Ẹ bá mi wo ìyà tó ń jẹ jíìpù tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù sítíárìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí sítíárìn má baà máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹni tó ni ín tún ti dìde láti lọ ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé o. Ọkọ̀ wíwà ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn èèyàn, títí orí rẹ̀ fi funfun. Ẹni tó bá ń wakọ̀ nítòsí ibẹ̀ tó sì lóun ò jẹ rúlà rẹ̀ rí, irọ́ ló ń pa. Bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbọ̀n lórí sítíárìn, tó wá ń ṣàròyé pé ọkọ̀ ni, Tíṣà á gbé rúlà lé e lẹ́yìn ọwọ́, á ní, "Ọkọ̀ kì í gbọ̀n. Ẹni tó ń wà á ló ń gbọ̀n." Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ti di bàbá ọlọ́mọ pàápàá ṣì ń fi dá àpárá.

Jíìpù náà ti dàgbà. Nígbà tí ara Tíṣà ṣì le koko ló ní kí wọ́n gbé e sókè. Wọ́n ki sípíríngì gíga sí i nísàlẹ̀, wọ́n wọ táyà ràbàtà fún un, ó wá ga débi pé orí àpótí ni ìyàwó rẹ̀ olóògbé máa ń gùn kó tó lè wọlé síbẹ̀. Àpótí náà ṣì wà ní bùútù. Ká má purọ́, jíìpù tí wọ́n bá gbé sókè báyẹn lè gbọ̀n bí ewé tí ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ bá kú. Ohun tó jẹ́ kí ẹjọ́ Tíṣà rọrùn láti gbà gbọ́ nìyẹn, pàápàá fún Tíṣà fúnra rẹ̀.

Ọdún tí sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n yìí náà ni gbogbo nǹkan dìtẹ̀ mọ́ ọn. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ṣe lóde òní kò dára, tíì ń dà nínú rẹ̀ ṣáá. Bíírò kò kọ̀wé tààrà mọ́. Ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó fura pé ẹnì kan ti sún un kúrò níbi tó wà. Gbogbo wọn ló ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ayé ìsinsìnyí ti ya ọ̀lẹ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, kì í bá a jiyàn. Ìlàjì kọ́ọ̀bù ló ń bu tíì sí fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí jíìpù fì gbíì, tó ku díẹ̀ kó gun ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ létí títì, àyà ọmọ já. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí bàbá òun jọ̀ọ́ fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Inú bí Tíṣà gan-an ni. Ohun tó kù fún un láyé ò ju pé kó jókòó sókè lọ́hùn-ún, kó máa lọ síbi tó bá wù ú láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọkọ̀ ló ń gbọ̀n. Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ dájọ́ pé òun á ra ṣọ́ọ̀kù tó le jù lọ, tí jíìpù bá tún gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, kí ọmọ gba kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá sì gbọ̀n, kó má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ láéláé. Ọmọ gbà. Kí ni ì bá ṣe?

Bí àwọn méjèèjì àti mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún jíìpù ṣe ṣe dé ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ nìyẹn. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù to ṣọ́ọ̀kù mẹ́ta sórí káńtà. Ọ̀kan jẹ́ ọlọ́ìlì, ó rọ̀, kò sì wọ́n. Èkejì jẹ́ ti gáàsì, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà pupa. Ẹ̀kẹta sanra bí igi ìdáná, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó lè wọ jíìpù náà. Tíṣà fi ojú wọn wọ́n bí ẹni tó ń yan ọkọ fún ọmọ. Ó ní ọ̀dà pupa kì í ṣe iṣẹ́ rere kan, àìsàn ni wọ́n fi ń bò. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù náà fara mọ́ ọn, ó ní ti gáàsì a máa ti sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà mìíràn. Tíṣà gbé ti ọlọ́ìlì, ó fi ìdí rẹ̀ ti ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè wo bó ṣe máa padà sókè. Irin náà ń jó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu káńtà tó mọ́ tónítóní.

Gbogbo wọn ló mọ̀. Mẹkáníìkì ti gbé jíìpù yẹn jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń lọ gbọnrangandan bí okùn tí wọ́n fà. Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra nílé, pé lónìí lòun á sọ ọ́. Ó yanu, ó ní, "Tíṣà, ẹ forí jì mí, bóyá ọwọ́..." Tíṣà gbójú sókè wò ó. Ojú ọjọ́sí ni, ojú onírúlà. Mẹkáníìkì yí ọ̀rọ̀ padà kíá, ó ní bóyá ọwọ́ òsì ọkọ̀ lòun á kọ́kọ́ dè kóun tó de ọ̀tún. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: Tíṣà kówó jáde, ó ra ti ọkọ̀ akẹ́rù. Mẹkáníìkì ní sítíárìn á wúwo o. Tíṣà ní wúwo lòun ń fẹ́.

Ní ọgbà mẹkáníìkì, wọ́n yọ ti àtijọ́. Kò jo ọ́ìlì, kò wọ́, kò ṣe nǹkan kan. Mẹkáníìkì tó fọwọ́ ara rẹ̀ dè é níjọ́sí kò lè gbójú sókè. Tíṣà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á gbé e délé kó lè jẹ́ ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ òun wà á, kó má baà di pé ọgbọ́n àgbà lòun fi tẹ ọkọ̀ lórí ba. Òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé irin àtijọ́ lé itan.

Wọ́n gba ọ̀nà gbágungbàgun, wọ́n bọ́ sórí títì tó tẹ́jú, ọmọ tẹná sí i. Jíìpù dákẹ́ rọ́rọ́. Ayọ̀ kún inú Tíṣà. Ó ní ṣé ó rí i báyìí, ó ní ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ti parí nìyẹn, ó tún ń kọrin lábẹ́ eyín. Ọmọ ń wakọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ní kóun wà á pé òun á pàdánù, nítorí ọkọ̀ tí kò ṣàìsàn, kò sí bó ṣe máa gbọ̀n lọ́wọ́ òun. Ohun tó ń rò ni ẹsẹ̀ ẹni yẹn létí títì.

Tíṣà ṣàdédé dá orin dúró. Ó gbọ́ nǹkan tó ń kan kó-kó-kó. Ó ní mẹkáníìkì kò de bóòtù kan le, kí ọmọ dúró. Ọmọ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró. Kó-kó-kó. Ó ní kó pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ pa á.

Kó-kó-kó.

Tíṣà wo ìsàlẹ̀. Irin tó fi ọwọ́ kan dì mú lórí itan rẹ̀ ni, etí irin náà ló ń kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìró náà dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù tí kò sí lára ọkọ̀ kankan mọ́.

"Ọkọ̀ kì í gbọ̀n," ni Tíṣà wí. Kò parí rẹ̀. Ọmọ tẹjú mọ́ ọ̀nà iwájú, òun náà ò bá a parí rẹ̀.

"Ó rẹ̀ yín ni, Bàbá mi."

"Má purọ́ fún mi mọ́. Ta ló mọ̀?"

"Gbogbo wa."

"Ẹ sì jẹ́ kí n ra mẹ́ta?"

"Ẹ̀rù rúlà ló ń bà wá, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di omi lójú rẹ̀. Ojú tì í, ó dùn ún wọra, kò sì fi pamọ́. Ọmọ di ọwọ́ náà mú títí gbígbọ̀n rẹ̀ fi rọlẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ṣáná sí ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ó ń sún mọ́ etí títì jù, pé kó wo dígí. Ibi tó jókòó sí yẹn ló kúkú jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

"Sítíárìn yìí mà wúwo o," ni ọmọ wí níbi tó ti ń yà sí àgbàlá wọn.

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ó pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí bàbá rẹ̀. Àdéhùn ni àdéhùn, jíìpù kò gbọ̀n. Tíṣà kò na ọwọ́.

"Fi sápò rẹ. Ọ̀la a ó tètè jáde, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń yà."

Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó lọ gbé àpótí ìyá rẹ̀ ní bùútù, ó gbé e síbi ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Tíṣà wo àpótí náà títí, ó kùn díẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e.