Àǹtí Ni Kí O Máa Pè Mí

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kí n dá a padà fún àwọn tó ni ín, àǹtí ni màá kọ́kọ́ dì sínú àpò fún wọn. Òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà ní ọjà Ọba níbí ní Benin, kò sì sí irú ẹni tí wọn kì í pè ní àǹtí lójú mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àǹtí ni tíṣà ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Àǹtí ni nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́. Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n ẹni, àǹtí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni, àǹtí ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá ti dàgbà ju ọmọ onílé lọ. Obìnrin tí bàbá ń bá rìn, tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ orúkọ rẹ̀, àǹtí náà ni. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ ní Ring Road, tí mo lè bí lọ́mọ, á máa pariwo lé mi lórí pé, "Aunty, fine aunty, come buy," kí n lè rò pé mo ṣì kéré. Mo sì máa ń rà á. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún, mo gbọ́ pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí ti bàbá ẹni. Àwa kì í tilẹ̀ lò ó fún ìyẹn. Àbúrò ìyá tó bí mi, mọ́mì ni mò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀ ń ṣe. A gba ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, a lò ó fún gbogbo ayé, a yọ ẹni tó ni ín sílẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wá ṣe lọ́ṣẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi, Dúpẹ́, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó ń ta yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó fẹ́ Ọládélé, ọkùnrin ará Àkúrẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ìyàwó àkọ́kọ́ ọkùnrin náà ti kú, ó sì fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀, Tèmidire. Ọmọ náà kò tíì lè wọ bàtà fúnra rẹ̀. Dúpẹ́ ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń mú un lọ sílé ìwé, òun ló ń pọ̀n ọ́n rìn káàkiri yàrá nígbà tí ikọ́ bá ń dà á láàmú. Ogiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa ní Ogida, nítorí náà ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Lọ́jọ́ tí Dúpẹ́ dé ilé ọkọ, Ọládélé ní kí ọmọ náà kí àǹtí, orúkọ tí ọmọ ń pè é nìyẹn.

Nígbà tí Tèmidire ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá tó bí olóògbé wá kí wọn láti Àkúrẹ́. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Mo gbé ọsàn lọ kí i, gbogbo wa jókòó ní pálọ̀, ìyá àgbà ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni Tèmidire ti inú ilé jáde, ó rọ̀ mọ́ Dúpẹ́ lẹ́sẹ̀, ó na okùn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ sí i, ó ní, "Mummy, help me tie."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀, omi sì kún ojú rẹ̀. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Ẹ̀rù ba Dúpẹ́. Ìyàwó tuntun ni, kò tíì bímọ, wọ́n sì ti ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó fẹ́ pa orúkọ olóògbé rẹ́ nínú ilé náà. Ó já ọwọ́ ọmọ náà kúrò lára, ó ní:

"Ta ni mọ́mì ẹ? Èmi kì í ṣe mọ́mì ẹ. Mọ́mì ẹ wà lọ́run. Àǹtí ni kí o máa pè mí, ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà mi orí pé òun gbọ́. Ó wo okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó padà sínú ilé. Ìyá àgbà tún mú ṣíbí rẹ̀. Nígbà tí Dúpẹ́ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní tó bá yá, tí ìyá náà bá ti lọ, òun á pe ọmọ náà, òun á tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Ìyá náà lọ. Tó bá yá ọ̀hún kò yá.

Kì í ṣe pé Dúpẹ́ kò fẹ́. Ojú ló ń tì í, kò mọ bí àgbàlagbà ṣe ń bẹ ọmọdé pé kó pe òun ní ìyá. Ó ní òun á ṣe é lọ́jọ́ Kérésì, ó ní òun á ṣe é lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Láàárín ìyẹn, ó bí ọmọkùnrin, Olúwatóbilọ́ba, tí gbogbo wa ń pè ní Tóbi. Nígbà tí Tóbi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lòun náà ń pe ìyá rẹ̀. "Àtí," ni yóò máa wí, "Àtí." Dúpẹ́ kò gbà. Ó ní mọ́mì ni kó sọ, mọ́mì.

Ẹ ò ní mọ ẹni tó kọ́ ọmọ náà títí ó fi mọ̀ ọ́n. Tèmidire ni. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé mi, ó gbé àbúrò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ń sọ fún un pé, "Say mummy. Mum-my. No be aunty. Na only me dey call am aunty." Kò sí ìkanra kankan nínú ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo lọ bá Dúpẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní òun mọ̀, àkókò lòun ń wá. Mo ní àkókò wo ni, ṣé kí ọmọ náà hu ewú ni? Ó bú mi, mo bú u padà, a kò kí ara wa fún ìgbà díẹ̀.

Tèmidire ti dàgbà báyìí, ó ti lọ́kọ, ẹ̀gbẹ́ ọjà Ekiosa ni wọ́n ń gbé. Lọ́dún yìí ló lóyún. Ẹ̀yin náà ì bá rí Dúpẹ́ lásìkò yẹn! Gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ì báà ra ìbọ̀sẹ̀ kan péré, ló ń sọ fún pé òun ń múra àtilọ wẹ ọmọ ọmọ òun. Ó sì sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún mi, kò fi bò.

"Ìyá Tóyọ̀sí," ó ní, "ìyá ẹni ló ń wá wẹ ọmọ fún ẹni. Tí mo bá ti wẹ ọmọ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tún ní bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí Tèmi. Òun pàápàá á mọ̀."

Ó ra òrí, ó ra àdín, ó ra ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn tuntun, ó lọ ata gbígbẹ tí yóò fi se ọbẹ̀ fún abiyamọ. Wọ́n pè é lórí fóònù pé Tèmidire ti bí ọkùnrin, gbogbo wa jó nínú ọjà. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kó máa bọ̀. Ó retí, ó ní bóyá Tèmidire rò pé kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun. Nígbà tí kò lè retí mọ́, ó ti ìsọ̀, ó ní kí n sin òun lọ, a kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

Títíloyè ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Àbúrò ìyá tó bí Tèmidire ni, tó ń gbé ní Àkúrẹ́. Ìró ló so mọ́ àyà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì tutù fún omi. Inú rẹ̀ dùn dénú nígbà tó rí wa.

"Àǹtí Dúpẹ́! Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ bọ́ sí pálọ̀, ẹ sinmi. Omi ọmọ ti gbóná, mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni."

Dúpẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Títíloyè gbé ọmọ kọjá níwájú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ìwọ̀nba orí rẹ̀ la rí. Tèmidire wà lórí àga, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí wa, Dúpẹ́ ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá bí èmi àti ẹ̀yin, àmọ́ Benin ni wọ́n ti tọ́ ọ, èdè ìgboro ló fi ń dáhùn.

"Àǹtí, welcome o. See load! You for call make my husband come carry you."

"Mo wá wẹ ọmọ ni," Dúpẹ́ wí.

Tèmidire wo ẹrù náà, ó wo ojú Dúpẹ́. "Mummy Títí don dey," ó wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "She go stay till I resume work. I no wan stress you, Àǹtí. You get shop."

N kì í lè pa ẹnu mọ́ nírú ibẹ̀ yẹn. Mo ní, "Tèmidire, ta ló pọ̀n ọ́? Mọ́mì Títí tó o ń pè yìí, ibo ló wà nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kó o sùn?" Dúpẹ́ já mi léèékánná nítan pé kí n dákẹ́.

"Mama Tóyọ̀sí, I no forget," Tèmidire dáhùn. "Na because I no forget." Ó wá kọjú sí Dúpẹ́. "You tell me say you no be my mummy. I small, but I hear am. So I come dey careful. Anything wey be mummy own, I no dey put am for your head. If school say make mummy come, I go tell Daddy. The day wey I first see blood, na Mummy Títí I call for phone. I no vex for you o. I think say na so you want am."

Mo wo Dúpẹ́. Kò mọ èyí tó jẹ mọ́ fóònù yẹn tẹ́lẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀.

"Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn," ó wí. "Irọ́ ni mo pa fún ẹ, Tèmi. Ìyá àgbà ni mo ń bẹ̀rù. Bó o ṣe pè mí lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn gan-an ni. Mo sì lé ẹ dànù."

"I know say you fear. I don tey wey I know." Tèmidire ń fi ọwọ́ ra aṣọ orí àga. "But that day, I no just open mouth call you. I don dey practise am. I go enter toilet, lock door, dey call am small small make nobody hear. Mummy. Mummy, help me tie. Every day like that. Na that day I come get mind."

Dúpẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Igbe ọmọ náà ń dé etí wa láti ẹ̀yìnkùlé, Títíloyè sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Pè mí báyìí," Dúpẹ́ wí. "Jọ̀ọ́, Tèmi. Kò sẹ́ni tí mò ń bẹ̀rù mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, pè mí."

Tèmidire fẹ́ pè é. Mo jókòó síbẹ̀, mo rí i pé ó fẹ́ pè é. Ó pa ètè pọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó tún gbìyànjú. Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, ojú sì ń tì í bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá kàwé níwájú gbogbo kíláàsì. Ó wù mí kí n bá a sọ ọ́. Kò kórìíra Dúpẹ́ rárá, ó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ náà pè sí obìnrin yìí mọ́.

"E no gree come out," ó wí níkẹyìn. "Ẹ má bínú, Àǹtí."

Dúpẹ́ ní kò burú. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọmọ náà, ó tún un sọ pé kò burú, kó má sunkún, pé ẹkún kò dáa fún abiyamọ. Ó burú, gbogbo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀.

Nígbà tí Títíloyè gbé ọmọ wọlé, ara ọmọ náà ń dán, ó pọ́n fún ooru omi, kò sì tíì dákẹ́ ẹkún. Dúpẹ́ kò ní kó gbé e fún òun. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tú ẹrù rẹ̀, ó ń kó òrí àti ọṣẹ àti kànìnkàn lé Títíloyè lọ́wọ́, ó sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n, bí ẹni pé ìyẹn ló gbé e wá.

"Ẹ jẹ́ kí omi máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó bù ú sí i lára," ó wí fún un. "Ìyá rẹ̀ náà kì í fẹ́ omi gbígbóná nígbà tí mò ń wẹ̀ ẹ́."