Orúkọ Kejìlá Lára Agogo

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Volkmar Riehm fi ń fi iṣẹ́ ọnà rẹ̀ bí àwọn ará Jámánì nínú. Ó gbé aṣọ ológun bàbá rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán ìlú. Ó gbin kábéèjì sórí ibojì ọ̀gágun kan. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tutọ́ sí i lára. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí bẹ̀rẹ̀ sí í du iṣẹ́ rẹ̀. Ní báyìí tí ọkàn rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ohun kan ló kù: agogo ńlá fún gbàgede Wiesbrück, ìlú tí wọ́n bí i sí. Orúkọ àwọn tó kọ lẹ́tà ọdún 1942, tí wọ́n fi ní kí ìjọba wá kó Dókítà Löwenthal, tó jẹ́ Júù, àti ẹbí rẹ̀ lọ, ni yóò wà lára rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ẹbí náà tó padà wálé.

Gesine Tiemann, tó ń rọ agogo, ló gbé iṣẹ́ náà fún.

“Ìyá Alágogo, o ò tíì dáná sun ilé?”

“Ẹ̀yin lẹ ń dáná sun ìlú, Bàbá Volkmar. Idẹ lèmi ń yọ́.”

Gesine tẹ́ àwòrán agogo tí Volkmar yà sórí tábìlì. Bí bàbá àgbà rẹ̀, Ewald, ṣe kọ́ ọ náà ló ṣì ń ṣe é: á fi amọ̀ mọ àwòṣe agogo bo òkìtì bíríkì, á lẹ lẹ́tà ìda mọ́ ọn lára, á wá fi amọ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹṣin pò bò ó bí ẹ̀wù. Iná á yọ́ ìda náà, àmì lẹ́tà á kù sínú ẹ̀wù. Wọ́n á gbé ẹ̀wù kúrò, wọ́n á fọ́ àwòṣe dànù, wọ́n á dá ẹ̀wù padà bo bíríkì náà. Àlàfo tó bá ṣẹ́kù ni idẹ máa kún.

Ó fi rúlà wọn àyè àwọn orúkọ. Ó tún un wọ̀n.

“Àyè orúkọ méjìlá lẹ yà. Mọ́kànlá lẹ kọ.”

Volkmar ń wo fèrèsé.

“Ẹ wojú mi. Ta ni ìkejìlá?”

Ọkùnrin náà fa ẹ̀dà lẹ́tà náà yọ lápò. Kí Gesine tó ka orúkọ ìkẹyìn ló ti dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀. Òun ni Ewald fi kọ ìlànà tó ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀: *bàbà ìdá mẹ́rin, tánńganran ìdá kan*.

“Orúkọ bàbá tiyín lẹ fi ṣíwájú. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ti bàbá àgbà mi pamọ́? Ṣé àánú ni?”

“Ẹ̀rù ni. Tó o bá kọ̀, ta ló máa bá mi rọ ọ́?”

“Gbogbo ọdún yìí, ẹ ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.”

“Mi ò nílò wọn.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lẹ lẹ́tà, Gesine ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ jẹun. Tó bá fẹ àyè àárín orúkọ mọ́kànlá yẹn díẹ̀díẹ̀, àlàfo náà á pòórá. Ó ṣí àpótí tí àwọn ihò lẹ́tà tí Ewald fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sára igi wà. Ó da ìda sínú wọn, ó dúró kó tutù.

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Jimọ̀, wákàtí tí Jésù kú, ni wọ́n máa ń da agogo. Àwọn ará Wiesbrück yí kòtò tí wọ́n ri ẹ̀wù amọ̀ náà mọ́ ká. Gesine gbàdúrà. Detlev, àgbà òṣìṣẹ́ tí Ewald fọwọ́ ara rẹ̀ gbà síṣẹ́, ṣí ẹnu ìléru. Idẹ ṣàn títí ẹ̀wù fi kún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n hú agogo náà jáde. Volkmar ń fi àkísà nu amọ̀ kúrò, orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìka rẹ̀ dúró lórí ìkejìlá.

“Ó wà níbẹ̀.”

“Àyè ti wà fún un tẹ́lẹ̀,” Gesine dáhùn.

Detlev náà ka orúkọ Ewald. Ó tú ápúróònù aláwọ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, ó jáde láìdágbére. Gesine ń wo ápúróònù yẹn fúngbà díẹ̀. Ó mú òòlù onígi, ó lu agogo náà lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí sí i. Ìró rẹ̀ pẹ́ gan-an kó tó dákẹ́.