Ẹ Kú Ìnáwó

Àlá tí mo lá ṣì ń bí mi nínú. Rótìmí, ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì, tó ta ko ogun tó bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ wa kí wọ́n tó fipá wọ aṣọ ṣọ́jà fún un, tí ogun sì pa á, jókòó ní ilé oúnjẹ wa àtijọ́. Àmì ẹ̀yẹ ológun tó wà lọ́rùn rẹ̀ fẹ̀ tó tábìlì. Ìyá rẹ̀ bu ẹ̀wà sórí àmì ẹ̀yẹ náà, Rótìmí sì ń jẹ ẹ́. Ọ̀gá ṣọ́jà kan wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Màmá, ẹ kú ìnáwó o!”

“Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kú, ẹ ń kí ìyá rẹ̀ kú ìnáwó?” ni mo jágbe.

Rótìmí rẹ́rìn-ín. “Fi í sílẹ̀, Káyọ̀. Ìbọn ni wọ́n kọ́ ọ̀gá yìí, wọn ò kọ́ ọ ní ìkíni.”

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ń pariwo, “Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún un!” Ariwo yẹn ló jí mi.