Màlúù Tó Wà Nísàlẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àbúrò ìyàwó Ọ̀gá fi kọ́ nípa màlúù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí bọ̀. Kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tó fi béèrè ìṣó àti òòlù. Ó kan ìwé ẹ̀rí náà mọ́ ògiri ilé ìfúnwàrà, níbi tí omi ti ń ta sí i láràárọ̀, nígbà tó sì rí i pé omi ń bà á jẹ́, ó fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé búrẹ́dì. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Sàtífíkéètì. A kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀ o. Lójú ẹ̀, Alábòójútó ni.

Èmi ni mo ń fún wàrà níbẹ̀, ọdún kejìlá mi rèé. Mi ò ní ìwé ẹ̀rí kankan, àfi ìka méjì tó ti wọ́ nídìí ọmú màlúù. Kí Sàtífíkéètì tó dé, èmi ni mo máa ń sọ fún Bàbá Ìbọ̀wọ́ pé màlúù báyìí ti ń wá akọ. Bàbá Ìbọ̀wọ́ ni ọkùnrin tó ń fún àwọn màlúù wa lóyún, nítorí a ò ní akọ màlúù kankan lóko. Á gun alùpùpù rẹ̀ dé pẹ̀lú àgbá tútù tó ń rú èéfín, á yọ ọ̀pá tín-ín-rín kan tí àtọ̀ akọ màlúù wà nínú rẹ̀ níbẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé èjìká. Á ti ọwọ́ kan bọ ìdí màlúù láti di ọrùn ilé ọmọ mú, á sì fi ọwọ́ kejì rọra ti ọ̀pá náà wọlé. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Àkókò ló le níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màlúù kì í wá akọ ju bí ọjọ́ kan lọ. Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ náà, ó tún di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, màlúù kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á máa gun ara wọn lẹ́yìn, abo lórí abo. Ẹni tó bá ti bá màlúù gbé mọ̀ pé èyí tó wà lókè lè máa ṣeré, ó lè máa yájú, ara sì lè máa yún un lásán. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí kò bá fẹ́, á sá kúrò lábẹ́ ẹ̀. Bó bá dúró gbọin tí kò mira, òun gan-an ni. Ẹni tó dúró ló fẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ, kò sì gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Sàtífíkéètì gbé àga oníke kan sábẹ́ táǹkì omi, ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lé ojú, bẹ́ẹ̀ àárín òun àtàwọn màlúù kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á máa kọ nọ́ńbà etí wọn sínú ìwé ńlá kan. Lọ́jọ́ kan mo gbé garawa wàrà kọjá lẹ́yìn rẹ̀, mo yọjú wo ohun tó ń kọ, ẹnu yà mí. Nọ́ńbà màlúù tó wà lókè ló ń kọ.

"Alábòójútó," mo ní, "ti ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ."

Ó wò mí láti orí dé bàtà rọ́bà. "Màmá, nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ń ṣe wàhálà?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wàhálà. Ẹni tó dúró ló fẹ́."

"Ẹni tó dúró, ó kàn dúró ni. Ẹni tó gun ẹlòmíì ló mọ ohun tó ń wá." Ó nawọ́ sí ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri. "Ẹ má bínú o, ibo lẹ̀yin ti kọ́ tiyín?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìdí màlúù ni mo ti kọ́ ọ, àmọ́ mo rántí pé àbúrò ìyàwó Ọ̀gá ni. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Sàtífíkéètì ò tiẹ̀ gun igi kankan. Àga oníke ló jókòó lé.

Mo lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀, nítorí fáànù ti bàjẹ́. Mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ wo ilé iṣẹ́ yìí dáadáa," ló wí. "Ṣé ẹ ti rí i níbí rí, kí á fẹ́ mọ ohun tó ń lọ, kí á wá máa wo ẹni tó wà nísàlẹ̀? Ẹni òkè la máa ń wò. Ẹ lọ fún wàrà."

Mo lọ fún wàrà.

Màlúù kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlá, ńlá, alágídí, tó máa ń gun gbogbo ayé. Ó gun àgbà, ó gun ọmọdé, ó gun kẹ̀kẹ́ koríko lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí orúkọ Mẹ́rìnlá kì í wọ inú ìwé. Sàtífíkéètì á pe Bàbá Ìbọ̀wọ́, Bàbá Ìbọ̀wọ́ á dé, á fi àtọ̀ sí i nínú, oyún ò ní dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, bàbá náà fọwọ́ wá inú rẹ̀ títí, ó sì sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àìsàn ni. Ẹyin kan wà nínú rẹ̀ tó ń wú bí bàlúùnù tó kọ̀ láti bẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. "Ṣé kí n sọ fún Alábòójútó?" ló béèrè. Èmi fúnra mi ni mo ní kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Sàtífíkéètì dá a lóhùn pé Mẹ́rìnlá ni màlúù tó láápọn jù lóko, pé ká má bà á lórúkọ jẹ́.

Oṣù kìíní kọjá, ìkejì kọjá, kò sí màlúù kan tó lóyún. Sàtífíkéètì ní koríko ni. A pààrọ̀ koríko. Ó ní oòrùn ni. A na tapólì bo ọgbà. Ó ní ọwọ́ àwa afúnwàrà ló tutù jù, tó ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn màlúù, Ọ̀gá sì pàṣẹ pé ká máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọwọ́. Gbogbo wa la jẹ̀bi, dé orí oòrùn tó wà lókè. Ìwé ńlá yẹn nìkan ni kò jẹ̀bi.

Ibi tó ti kàn mí gan-an ni ti Oníwo-kan. Ọwọ́ mi yìí ló fà á jáde nínú ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń bọ̀, mo sì fi ẹnu mi fa ikun kúrò ní imú rẹ̀ kó tó mí. Ìwo rẹ̀ kejì, ilẹ̀kùn irin ló gé e. Àgbà ni, oníwà tútù ni, kì í gun ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn kan tí mo bá tan lọ. Nínú ìwé Sàtífíkéètì, nọ́ńbà Oníwo-kan ò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń rí i tí wọ́n ń gùn ún tó sì ń dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹta, Mẹ́rìnlá gun Oníwo-kan. Oníwo-kan dúró bí ògiri, omi yíyi tó mọ́ gaara ń kán nídìí rẹ̀. Sàtífíkéètì kọ mẹ́rìnlá sínú ìwé, ó pe Bàbá Ìbọ̀wọ́ lórí fóònù, ó sì lọ jẹun. Nígbà tí bàbá náà dé, èmi nìkan ló bá.

"Ti Mẹ́rìnlá náà ni," ló wí, ó mí kanlẹ̀. "Màá tún lọ fi nǹkan Ọ̀gá ṣòfò nìyẹn."

"Ẹ má fi ṣòfò," mo ní. "Ẹ fi sí èyí tó wà nísàlẹ̀."

"Kò sí nínú ìwé, ìyá. Bí wọ́n bá mọ̀, olè ni wọ́n máa pè mí."

"Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ wá a ná."

Ó fọwọ́ wá a. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ilé ọmọ rẹ̀ le dáadáa, ẹyin sì ti pọ́n, ó ń dúró de ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ọ̀pá náà wọlé, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Nínú ìwé, Mẹ́rìnlá ló gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gun Oníwo-kan, ó sá kúrò lábẹ́ wọn: oyún ti dúró nìyẹn. Mo gbé garawa sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó lè lé ẹni méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu kì í yá sí i.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án pé tí Bàbá Ìbọ̀wọ́ ti ṣe é fún un, Ọ̀gá lẹ orúkọ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn màlúù tó ti di àgàn, alápatà ń bọ̀ wá kó wọn lọ́jọ́bọ̀. Oníwo-kan ló ṣáájú. Ẹ̀rí tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ ni pé láti oṣù márùn-ún, kò wá akọ rárá. Mẹ́rìnlá ò sí níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ó ń gbìyànjú.

Mo pe Bàbá Ìbọ̀wọ́. Ó kọ́kọ́ ní ara òun ò yá. Mo ní kó ronú nípa ohun tó wà nínú màlúù yẹn. Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ alápatà ti dé, wọ́n ti so okùn mọ́ Oníwo-kan lọ́rùn, mo wá gbọ́ ìró alùpùpù. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wa, Ọ̀gá, Sàtífíkéètì, alápatà, láì béèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ wá a díẹ̀.

"Oyún oṣù méjì ni," ló wí. "Ọmọ inú rẹ̀ ti tó eku kékeré."

Alápatà di okùn mú, ó ń wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ń ṣí ìwé láti ẹ̀yìn wá síwájú.

"Kò sí oyún níbí," ló wí. "A ò fi nǹkan kan sí màlúù yìí nínú rí. Ta ló fún un lóyún?" Ó wo Bàbá Ìbọ̀wọ́ bíi pé òun fúnra rẹ̀ ni bàbá ọmọ. "Bí ẹ bá fi àtọ̀ mi sí ibi tí mi ò ní kí ẹ fi sí, olè ni. Mi ò sì mọ oyún tí kò sí nínú ìwé. Ẹ gbé e sọ́kọ̀."

Mo la ẹnu láti sọ ọ́, ohun tó bá gbà kó gbà á. Àmọ́ Sàtífíkéètì yára jù mí lọ.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, Ọ̀gá," ló wí, ojú ò tiẹ̀ tì í. "Ìdánwò ni. Mo fẹ́ fi wo bó ṣe máa rí bí a bá wo tìsàlẹ̀. Mo fi pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa bà á jẹ́. Àbí, Màmá?"

Gbogbo wọn wò mí. Ìró ọkọ̀ ń dún gẹ̀rẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní irọ́ ni, olè ni èmi àti Bàbá Ìbọ̀wọ́, Oníwo-kan sì di ẹran. Bí mo bá ní òótọ́ ni, ọmọ tó tó eku kékeré yẹn á dàgbà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Alábòójútó ló rán wa."

Wọ́n tú okùn lọ́rùn Oníwo-kan. Wọ́n kó Mẹ́rìnlá dípò rẹ̀. Ó gun màlúù tó wà níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tì í sínú ọkọ̀.

Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń wò báyìí. Màlúù mẹ́sàn-án ti lóyún. Ìwé ẹ̀rí kejì ti wà lára ògiri, Ọ̀gá ló tẹ̀ ẹ́ fún àna rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀rá wé òun náà. Ọ̀gá ń sọ fún àwọn àlejò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n máa wo ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn olóko mìíràn wá kẹ́kọ̀ọ́. Sàtífíkéètì pè mí látinú ilé ìfúnwàrà, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká níwájú wọn.

"Màmá wa nìyí, ọdún kejìlá wọn nìyí níbí," ló wí. "Àwọn náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, èmi ni mo kọ́ wọn. Màmá, ẹ rántí: ẹni tó dúró ló fẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo léjìká mi. Lẹ́yìn wọn, Oníwo-kan ń jẹ koríko, ikùn rẹ̀ ti yọ. Mo dúró gbọin, mi ò mira, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn. Ọdún méjìlá ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn kiri bíi pé òótọ́ ni. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró ló fẹ́.