Tírélà Tí À Ń Fetí Wà

Onígéèmù ni bàbá ìyàwó mi máa ń pè mí, kò sì fi yìn mí. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni mò ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, níbi tí mo ti ń gé kọ́kọ́rọ́ fún àwọn tó sọ tiwọn nù, tí mo sì ti ń lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ti ara wọn mọ́ta. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá kí wa nílé, ìdí kọ̀ǹpútà ló bá mi, mò ń mú ọkùnrin kékeré kan fò láti orí òrùlé bọ́ sórí òrùlé. Ó dúró wò mí títí, ó wá yíjú sí ìyàwó mi, ó ní ṣé ọkọ lo fẹ́ ni àbí ọmọ lo gbà tọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

N kò torí ìyẹn pa eré mi tì. Ẹlòmíràn a máa pẹja, ẹlòmíràn a máa gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò títí ìyàwó rẹ̀ á fi bínú. Tèmi, géèmù ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í ṣojúsàájú. Ní ìta gbangba, ẹni tó mọ ọ̀gá lọ̀gá ń dá lóhùn, ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì ni ìwé rẹ̀ ń tètè jáde. Nínú géèmù, bí o bá fò tí kò tó, wàá jábọ́, ọmọ ẹnikẹ́ni tó wù kí o jẹ́. Ó jọ iṣẹ́ mi: kọ́kọ́rọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ihò mu kì í ṣílẹ̀kùn, kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, gbígbá nìkan kò tó mi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ géèmù tèmi. Ìwé àti àwọn àjèjì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ mi bí a ṣe ń to ìlànà fún kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ, láàárọ̀ kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù àti lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bí àmì kékeré kan bá yẹ̀ nínú ohun tí o kọ, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi. Ìyẹn gan-an ló ń mú ara mi yá. Olóríkunkun ni mí, èmi àti ẹ̀rọ náà sì mọwọ́ ara wa.

Tírélà ni bàbá ìyàwó mi wà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé sìmẹ́ńtì, ó gbé pákó, ó gbé ìgò gba orí òkè tí àwọn awakọ̀ mìíràn ń sá fún. Lẹ́yìn náà ni àìsàn kan tí kì í duni, tó kàn ń jí ìran lọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú, mú un. Kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìyá ìyàwó mi ti ṣaláìsí, nítorí náà a mú bàbá wá sílé wa. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ àfi bí a bá fà á lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń la ìlú kọjá kò la pálọ̀ kọjá mọ́. Bí ìyàwó mi bá ní kí wọ́n jọ rìn dé ẹnu géètì, á ní kí ló wà níbẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ń kéré sí i. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán, pé òun ti ṣe ohun tí òun wá ṣe láyé, kí wọ́n má fi oògùn yọ òun lẹ́nu mọ́.

Ìyàwó mi wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí bàbá má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀.

"Bàámi ń lọ lójú wa," ó ní. "Wọ́n ń lọ, a sì jókòó tì wọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbé tíì lọ fún un, ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá ládùúgbò. Bàbá yí etí sí fèrèsé. Ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé bíréèkì ìyẹn ti jẹ tán, ẹni tó ń wà á kò sì mọ̀. Mo dúró gbọnin, tíì lọ́wọ́ mi. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ìbéèrè fà yọ lẹ́nu rẹ̀. Kí tíì yẹn tó tutù ni mo ti pinnu pé màá kọ géèmù kan tí kò ní àwòrán kankan, ọkọ̀ tí à ń fi etí nìkan wà, bàbá yìí ló sì máa wà á. Ìyàwó mi ní ṣé orí mi pé. Mo ní ó pé.

Mo lọ sí gáréèjì, mo bẹ àwọn awakọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n gba ohùn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó ń gba ohùn akọrin sílẹ̀, àwọn kò rí ẹni tó ń gba ti tírélà rí. Síbẹ̀ wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi. Mo to ohùn kọ̀ọ̀kan sípò. Bí ọkọ̀ bá ń yà sápá òsì, òkúta wẹẹrẹ á máa ró lábẹ́ táyà létí òsì. Bó bá ń yà sápá ọ̀tún, á máa ró létí ọ̀tún. Atẹ́gùn á yí ohùn padà lẹ́bàá òkè, afárá á máa dún gbọ̀ngbọ̀n. Ní ti ohùn ìjàǹbá, abọ́ irin àti ìgò ni mo dà sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo sì gba ìbáwí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mo wá sítíárìn oníke kan àti jíà àti ẹsẹ̀ bíréèkì rẹ̀, mo fi irin tí mo fi ń di nǹkan mú ní ṣọ́ọ̀bù dè é mọ́ tábìlì ìjẹun. Mo wá hẹ́dífóònù ńlá kan fún etí bàbá, mo sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sọ ohùn náà jẹ́jẹ́ síta fún àwa yòókù.

Ìbẹ̀rù kan ló kù. Bí bàbá bá já sí kòtò lẹ́ẹ̀kíní tó wà á, ó lè ṣí hẹ́dífóònù kúrò létí kó má sì fi síbẹ̀ mọ́ láé. Nítorí náà, mo fi ìrànlọ́wọ́ kan pamọ́ sínú rẹ̀: bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ yà kúrò lójú títì, kọ̀ǹpútà á rọra fà á padà sáàárín. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Kí n tó rí bàbá mú dé ìdí tábìlì, mo parọ́ díẹ̀. Mo ní mo gba ohùn ẹ́ńjìnnì kan sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Ó kùn, ó ní kí ni Onígéèmù mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n fi hẹ́dífóònù ńlá náà bo òun létí. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ lé sítíárìn, mo ní ọ̀nà wà níwájú yín, sà. Kò bèèrè ọ̀nà wo. Ó ti fẹsẹ̀ wá bíréèkì kàn kí n tó fi hàn án.

Ó dé ibi tó ń lọ lọ́jọ́ náà, aago ìgúnlẹ̀ tí mo fi sí òpin ọ̀nà dún, ìyàwó mi pàtẹ́wọ́, bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì jẹun tán. Ó tún dé lọ́jọ́ kejì. Orí mi wú. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárìn, ó kó wọn lé itan. Tírélà ń lọ. Ó yí kọ́nà, ó gun òkè, ó gba orí afárá kọjá bí ewúrẹ́ tó mọ̀nà ilé. Bàbá jókòó gbọ́ ọ títí aago fi dún. Ó ṣí hẹ́dífóònù, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?" ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà hẹ́dífóònù.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló ń wà á?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà," mo ní. "Mo ní kó máa ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀."

"Ẹ̀ ń fà mí lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀, mo gbà. Ẹ̀ ń bá mi wá bàtà mi, mo gbà. Ibì kan ṣoṣo tí mo rò pé ọwọ́ mi ṣì ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà lo tún ti di ọwọ́ mi mú. Mú mi padà sórí àga mi."

Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò jẹun alẹ́, kò jẹun àárọ̀. Ìyàwó mi ní kí n tú gbogbo pàǹtí yẹn kúrò lórí tábìlì òun, pé mo ti fi ìrètí ṣe bàbá òun léṣe. Mo ní n kò ní tú u. A fa ọ̀rọ̀ náà débi tí ará ilé kejì fi ń gbá ògiri. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí, bí ojú bá sì ti ń tì mí, ariwo ni mo máa ń pa. Èmi tí mò ń yin géèmù pé kì í ṣojúsàájú, èmi náà ni mo kọ ojúsàájú sínú ọ̀kan. Mo ti ṣe àgbàlagbà bí ọmọ tí à ń jẹ́ kó borí kó má baà sunkún. Bàbá yìí kì í sì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú á ṣọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo jókòó, mo pa ìrànlọ́wọ́ náà rẹ́. Kò ju ìlà mélòó kan lọ. Mo di ojú mi, mo wa ọkọ̀ náà fúnra mi, mo já sí kòtò ní kọ́nà àkọ́kọ́. Mo tún un wà, mo tún já. Ọ̀nà náà le gan-an. Mo dìde, mo lọ dúró níwájú àga bàbá.

"Mo ti yọ ọ́, sà," mo ní. "Kò sẹ́ni tó ń bá yín wà á mọ́. Èmi tí mo ya ọ̀nà yẹn gan-an di ojú mi, mi ò dé. Mi ò rò pé ẹ̀yin náà lè dé."

Mo gbọ́ tí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi ní kíṣìnnì.

"O ní mi ò lè dé?"

"Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀, sà."

Ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó dìde, kò sì jẹ́ kí n fà á. Ó ń tọ ògiri lọ, ó kọlu àga, ó bú àga náà, ó dé ìdí tábìlì.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́ ló ti já sí kòtò. Abọ́ irin àti ìgò yẹn dún tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi gbọ́ ọ ní kíṣìnnì. Ìyàwó mi sáré jáde, ó ní Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún já. Ó bú táyà, ó bú òkè, ó bú ẹ́ńjìnnì, ó wá béèrè pé ta ló ya ọ̀nà yìí, ṣé ó ti mutí yó kó tó yà á ni. Mo ní èmi ni, sà. Ó ní òun mọ̀.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, màá bá a nídìí tábìlì, nígbà mìíràn pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn nítorí pé kò fẹ́ dìde. Ó já láti orí afárá, ó forí sọ òkè, ó kọlu ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó sì fọn fèrè sí i bí ẹni pé ọkọ̀ yẹn ló jẹ̀bi. Àwọn tí kì í gbá géèmù rò pé bíborí ló ń dùn mọ́ wa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn ni pé ọ̀nà á dúró dè ọ́. Láyé, bí o bá ṣubú níwájú ènìyàn, wọ́n á máa rántí rẹ̀ fún ọ. Nínú géèmù, o lè ṣubú títí, kò sẹ́ni tó máa fi bú ọ àfi ìwọ fúnra rẹ. Bàbá sì mọ ara rẹ̀ bú dáadáa.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi níṣẹ́. Ohùn táyà kéré jù, jíà kejì kò gbọ́dọ̀ dún báyẹn. Mò ń tún un ṣe láàárọ̀. Nígbà kan, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bi í bóyá kí n fẹ kọ́nà tó kẹ́yìn díẹ̀. Ó ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, òun máa kó lọ sílé òun. Kò ríran, ayálégbé ló sì wà nínú ilé rẹ̀, síbẹ̀ mo mọ̀ pé á lọ. N kò fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi náà kò bínú mọ́. Ó máa ń dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, á máa wo ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn, á sì máa fara tẹ̀ sí ibi tó bá yí i sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá gba kọ́nà àkọ́kọ́ kọjá, ó gba orí afárá, ó fi jíà kejì gun òkè náà láìkánjú. Ó dé kọ́nà tó kẹ́yìn, ibi tó ti ń pa á láti ọjọ́ yìí. Ó tẹ bíréèkì díẹ̀, ó dúró kí òkúta wẹẹrẹ ró létí òsì, ó yí i, ó tún yí i. Òkúta dákẹ́. Aago ìgúnlẹ̀ dún.

Kò pariwo. Mo rò pé kò gbọ́, mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo ní ẹ ti dé, sà, ẹ lè pa á.

"Mo gbọ́," ó ní. "A kì í pa ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Jẹ́ kó mí."

A dúró kó mí. Ìyàwó mi ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá wá pa ọkọ̀, ó jókòó síbẹ̀ díẹ̀, ó ń nu òógùn ọrùn rẹ̀. Mò ń retí kó yọ̀, tàbí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kéré tán kó ní ṣé òun ò sọ fún mi.

"Ọ̀nà yìí gbẹ jù," ó ní. "Lọ́la, jẹ́ kí òjò rọ̀."