Abọ́ Alágbọ̀nrín

“Yóò padà,” ni aránṣọ náà wí. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ kí ó lè rí ìlà pupa iye ìpín ilé iṣẹ́ kan, tó já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ láti orí àkàbà, tó sì tún rọra gòkè. “Ẹ wò ó, Màámi. Ó wálẹ̀ títí ó fi ku ìdajì. Gbogbo èèyàn sá. Ó tún padà. Èyí náà padà. Gbogbo wọn ló máa ń padà. Sùúrù nìkan ló gbà.”

Ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú omi.

“Tún un sọ.”

“Èwo nínú rẹ̀?”

“Èyí tí o sọ gbẹ̀yìn yẹn.”

“Mo ní sùúrù nìkan ló gbà.”

Màámi ò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Àga tí ọmọ rẹ̀ jókòó lé ló ń wò. “Ohùn bàbá rẹ nìyẹn,” ó wí. “Bó ṣe máa ń fà á gan-an nìyẹn. Orí àga yẹn náà ló sì ti máa ń sọ ọ́.”

Aránṣọ wo abẹ́ ara rẹ̀. Lóòótọ́ ni. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé nínú ilé náà, ló ti ń jókòó lé láti bí oṣù mélòó kan, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà ti máa ń hàn dáadáa. Kò tilẹ̀ rántí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?”

“Kí n bá ọ wí kí n sọ pé kí ni? Ìwọ ò kúkú mọ̀ pé o wà níbẹ̀.” Ó gbé abọ́ kan yọ látinú omi. “Lọ́jọ́ kan mo jí lójú oorun ọ̀sán, mo rí ẹ̀yìn orí rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi bàbá rẹ pé ṣé ó ti jẹun.”

“Màámi, ẹ má dẹ́rù bà mí lójú ọ̀sán o.”

“Ta ló ń dẹ́rù bà ọ́? Èmi lẹ̀rù ń bà.”

Wọ́n ti ta ilẹ̀ tí bàbá náà fi sílẹ̀. Òun ni ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ Màámi fún ọjọ́ ogbó rẹ̀, owó rẹ̀ sì wà ní báńkì, ó ń dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọkùnrin alágbàtà, tí ìyá àti ọmọ ń pè ní Oníbàtà-Dídán tí kò bá sí nítòsí, ń bọ̀ wá gba ìbuwọ́lùwé Màámi, kí wọ́n lè fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín ilé iṣẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu Oníbàtà-Dídán ni aránṣọ náà gbára lé. Kì í gba nǹkan gbọ́ láìtú u wò. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó kọ́kọ́ rà, kó tó fi rán ojú kan ló ti tú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, tó tò wọ́n sórí aṣọ funfun, tó sì tún dè wọ́n padà. Bó ṣe ṣe ọ̀rọ̀ ìpín náà nìyẹn. Ó gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ Oníbàtà-Dídán nípa iye tí ìpín ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ lójoojúmọ́ nígbà tí ọjà bá tú, láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ rò pé ilé iṣẹ́ kan bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, títí ó fi yé e pé ṣe ni wọ́n pín ìpín kan sí méjì: iye rẹ̀ dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n ìpín tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín di ìlọ́po méjì. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí abẹ́rẹ́ tó ti ń wá láti àná. Ó tún gbogbo irú rẹ̀ ṣe kí iye àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí lè bára mu. Lẹ́yìn náà ló gbé òfin kan kalẹ̀: èyíkéyìí tó bá wálẹ̀ dé ìdajì, rà á, kí o sì dúró ọdún mẹ́ta. Ó dán òfin náà wò lórí àwọn ọdún tó ti kọjá, ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí ọ̀kan tó kùnà.

Ó yẹ kó ti fura nígbà yẹn. Bí aṣọ bá ń bá gbogbo oníbàárà rẹ̀ mu láìtún ibì kankan ṣe, téèpù rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò.

Ní báyìí, ó tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo agbára rẹ̀ sìn sínú àkọsílẹ̀ náà. Alágbọ̀nrín ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí àwòrán àgbọ̀nrín tó wà nídìí abọ́ tánganran tí wọ́n ń ṣe. Bàbá náà ló ń ti abọ́ bọ ọ̀dà kí wọ́n tó gbé e sínú iná. Nígbà tí ìpín ilé iṣẹ́ náà ń wálẹ̀, ó ń rà kún tirẹ̀. Nígbà tó wálẹ̀ sí i, ó tún rà. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, ó ṣì ń ra ìwé ìròyìn, ó ń fi ìka wá orúkọ náà lójú ewé iye ìpín, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Yóò padà, ló ń wí. Orí àga yẹn ló kú sí.

Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé iye rẹ̀ di òdo. Kò sí i rárá, bí ẹni pé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fìgbà kan wà láyé. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, Màámi da abọ́ kan dojú dé kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀. Àgbọ̀nrín wà nídìí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti bó.

Aránṣọ pe Oníbàtà-Dídán lórí fóònù.

“Àǹtí mi, mo ti wà lọ́nà. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n ti máa na ìka sílẹ̀ o!”

“Àkọsílẹ̀ iye tí ẹ fún mi yìí, àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kú dà níbẹ̀?”

“Báwo lòkú ṣe wọ ọ̀rọ̀ wa?” Ó rẹ́rìn-ín. “A ti yọ wọ́n, Àǹtí. Àwọn tó wà lọ́jà lónìí la kó fún yín. Ta ló fẹ́ ra ilé iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé?”

“Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wálẹ̀, ta ló mọ̀ pé wọ́n máa kú?”

“Ẹ ti ń ronú jù,” ó wí. “Ẹ jẹ́ n dé ná.”

Aránṣọ dìde kúrò lórí àga náà bí ẹni tí èèrà ta. Ó ti yé e. Ó ti ṣe bí ẹni tó dúró sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, tó ń bi àwọn tó ń jáde lọ sílé bóyá èèyàn máa ń kú nínú ibẹ̀. Àwọn tó padà nìkan ló ti ń bi léèrè bóyá wọ́n padà.

Ṣùgbọ́n àwọn tí kò padà, níbo ni yóò ti rí wọn? Ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwọn pépà tó fi ń gé aṣọ ló fi ìṣó kọ́ síbẹ̀: ti ọrùn, ti àyà, ti apá. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kò rówó ra pépà. Ìwé ìròyìn tí bàbá rẹ̀ bá ti kà tán ló ń gbà gé. Ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ etí wọn láìwò ó. Kò ka ojú wọn rí.

Ó mú ti apá sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ. Ó ti pọ́n. Ewé iye ìpín ni, ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ rí tínńtín. Bó ṣe nà gbalaja yẹn, ó dà bí apá ẹnì kan tó tẹ̀ síwájú láti bá a kàwé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Á ka orúkọ kan, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò bá rí, á fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Báńkì kan. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Àwọn tó ń ṣe bàtà ọmọ iléèwé. Òmíràn, sísọ́ọ̀sì ti gé ìdajì orúkọ rẹ̀ lọ níbi abíyá. Nígbà tó fi máa dé ọrùn ọwọ́, apá náà ti funfun fún ṣọ́ọ̀kì. Níbẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń ṣẹ́ etí aṣọ, ni Alágbọ̀nrín wà. Ẹnì kan ti fi èékánná fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ìlà náà sì jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu pépà.

Ìyá rẹ̀ ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. “Èékánná rẹ̀ nìyẹn,” ó wí. Kò fọwọ́ kàn án.

Oníbàtà-Dídán wọlé, àpò rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. “Ẹ káàsán, Màmá! Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ṣé ibí ni ká tẹ́ ìwé sí?”

“Ẹ káàbọ̀. A ò ní buwọ́ lù ú lónìí.”

“Àǹtí! Ẹnu yín lẹ fi sọ fún mi pé kò sí èyí tí kò padà.”

“Ẹ ka eléyìí.”

Ó wò ó. “Ṣé apá aṣọ kọ́ nìyí?”

“Ẹ ṣáà kà á.”

Ó tẹ̀ ba, ó ń kà á lọ, ẹ̀rín sì ń tán lójú rẹ̀. “Háà. Bàtà àwọn wọ̀nyí ni mo wọ lọ sí iléèwé.” Ó kà sí i. “Àbúrò bàbá mi ṣiṣẹ́ ní báńkì yìí.” Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. “Gbogbo wọn ló ti lọ?”

“Gbogbo èyí tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà. Kí ìkankan nínú wọn tó kú, á ti kọ́kọ́ wálẹ̀ dé ìdajì ná. Ibẹ̀ ni òfin mi ì bá ti rà á.”

Oníbàtà-Dídán wo bàtà rẹ̀. “Kí wá lẹ fẹ́?”

“Ẹ bá mi wá iye tiwọn náà. Ti ojoojúmọ́, títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Màá kó wọn padà sáàárín àwọn alààyè, màá tún òfin mi dán wò. Bó bá ṣì dúró, a ó pè yín. Bí kò bá dúró, ẹ ó gbọ́ ìyẹn náà.”

“Ó máa pẹ́ o, Àǹtí.”

“Èmi tí kò yẹ kí n fi nǹkan falẹ̀ mọ́,” ni Màámi wí, “mo gbà kó pẹ́.”

Nígbà tí Oníbàtà-Dídán lọ tán, aránṣọ ṣí ìlà tuntun nínú kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ìgéṣọ. Ó kọ Alágbọ̀nrín. Ó kọ iye tó wà lójú apá aṣọ náà. Ó fo àárín tí kò tíì mọ̀, ó lọ sí ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà pa. Kọ̀ǹpútà gbà kó fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bí wọ́n ṣe fi ààyè bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé yìí náà nìyẹn. Abọ́ rẹ̀ ń bẹ, àga rẹ̀ ń bẹ, kò sì sí ẹni tó kọ ohunkóhun síbẹ̀.

Ó tẹ òdo.

“Ṣé ó padà?” ni Màámi béèrè. Kò wo kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ lè kà á mọ́.

“Kò padà, Màámi. Kò ní padà.”

Ìyá rẹ̀ mí. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di apá àga náà mú, ó sì rọra jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni ń dán omi gbígbóná wò. Àga náà dún. Ó dúró títí ìró náà fi dákẹ́.

“Ó dáa,” ó wí. “Orúkọ wo ló kàn?”